Ìdọ̀bálẹ̀ Kì í Ṣe Ìwà: Ibi Tí Ìrẹ̀lẹ̀ Onígbàgbọ́ àti Àṣà Yorùbá Ti Pàdé

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ọmọ tó gbọ́n tó láti jẹ́ iṣẹ́ dé ilé kejì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ bí a ṣe ń kí àgbà. Ọmọkùnrin a dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọmọbìnrin a fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀. Ọmọ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn a béèrè ilé tí ó ti jáde wá, nítorí pé ọmọ tí kò mọ àgbà kí, òbí rẹ̀ ni a ń bú. Bí ó bá sì di àkókò ìgbéyàwó, ọkọ ìyàwó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò na tàntàn sílẹ̀ níwájú àwọn àna, ìbáà ṣe pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ dókítà tàbí agbẹjọ́rò. Kò sí ẹni tí ó ń wo ìwé ẹ̀rí lọ́jọ́ náà.

Síbẹ̀, àwọn àgbà kan náà tí wọ́n fi àṣà yìí lélẹ̀ ni wọ́n tún pa á lówe pé, "Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà, ohun tí kálukú yóò jẹ ni ó ń wá." Òwe yìí kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìkíni. Ó kàn ń là wá lójú pé ara lè wà ní ilẹ̀ kí ọkàn wà lókè àjà. Ẹni tí ó na gbalaja níwájú olówó lè máa ti ilẹ̀ tí ó wà wo àpò olówó náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn nínú ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ lóde òní. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run nìkan ni eékún àwọn lè kan ilẹ̀ fún. Bí wọ́n bá pàdé àgbà, wọn a tẹ orí díẹ̀, tàbí kí wọ́n na ọwọ́ kí àgbà bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àwọn àgbà a ní ìgbéraga lásán ni ìgbàgbọ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ lè dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Àríyànjiyàn yìí ti da ìjókòó ẹbí rú níbòmíràn, ó sì ti mú kí bàbá àti ọmọ máa wo ara wọn bí ẹni tí kò mọra.

Ìhà kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó rí, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìhà méjèèjì gbójú fò. Wọ́n ń jiyàn lórí bí ọmọdé ṣe yẹ kí ó lọ sílẹ̀ fún àgbà. Wọn kò béèrè bí àgbà ṣe yẹ kí ó lọ sílẹ̀ fún ọmọdé. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìrẹ̀lẹ̀ tí ìgbàgbọ́ Kristi ń kọ́ni ti bẹ̀rẹ̀.

ILẸ̀ WÀ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti la ọ̀rọ̀ yìí sí wẹ́wẹ́. Ìtẹríba ni kí a tẹ orí ba. Ìdọ̀bálẹ̀ ni kí ara bá ilẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ni kí eékún kan ilẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ojú lè rí. Ìrẹ̀lẹ̀ náà ní ilẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí tàbí eékún ni ó ń lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí Yorùbá bá ní ẹnì kan rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ẹni náà dùbúlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ní ipò tí ì bá fi gbé ara rẹ̀ ga, kò sì lò ó bẹ́ẹ̀. Abájọ tí a fi lè rí onírẹ̀lẹ̀ lórí àga ọba, tí a sì lè rí agbéraga lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Èdè Látìn náà gba ọ̀nà yìí. Humilitas, ọ̀rọ̀ tí àwọn bàbá ìjọ àtijọ́ ń lò fún ìrẹ̀lẹ̀, bá humus tan, èyí tí í ṣe ilẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́, kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn kí a pe ènìyàn ní ẹni ilẹ̀. Ẹrú ni ó ń mú wá sí ọkàn, àti tálákà, àti ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn. Ọlá àti òkìkí ni àwọn ènìyàn ńlá wọn ń lépa, wọn a sì fín orúkọ ara wọn sára òkúta kí ó má baà parẹ́. Ìjọ Kristi wá bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú, irú ikú tí wọ́n fi ń pa ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀, ni Olúwa gbogbo ayé. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí ìjọ Fílípì pé kí wọ́n ní irú ọkàn tí Kristi ní, ẹni tí ó wà ní ipò Ọlọ́run tí ó sì gba ipò ẹrú. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ṣe di orúkọ ìwà mímọ́.

Ti Yorùbá yàtọ̀ sí èyí. Kí Ìhìnrere tó dé Bàdágírì àti Abẹ́òkúta ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìwà pẹ̀lẹ́ ti jẹ́ ohun ìyìn láàárín wọn. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ fún wọn láti lò: ìrẹ̀lẹ̀, ọkàn tútù, ìwà pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì ni ìgbàgbọ́ gbé wá bá Yorùbá nínú ọ̀ràn yìí. Ohun tí ó gbé wá ni ìbéèrè tuntun nípa ẹni tí ó yẹ kí ìwà náà ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

TA NI A LÈ DỌ̀BÁLẸ̀ FÚN?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ìdọ̀bálẹ̀. Ìtàn mẹ́rin inú Bíbélì lè là wá lójú. Nígbà tí Sárà kú, Ábúráhámù lọ ra ilẹ̀ ìsìnkú lọ́wọ́ àwọn ọmọ Hétì, ó sì tẹrí ba mọ́lẹ̀ níwájú wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀. Nígbà tí Jákọ́bù padà dé láti ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìgbà méje ni ó wólẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Ésáù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti ṣẹ̀. Ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ ni méjèèjì, kò sì sí ibi tí a ti bá wọn wí.

Ìtàn kẹta ni ti Módékáì, ẹni tí ó kọ̀ láti wólẹ̀ fún Hámánì bí ọba tilẹ̀ ti pàṣẹ rẹ̀, tí èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ná òun àti gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ní ẹ̀mí wọn. Ìkẹrin ni ti Kọ̀nẹ́líù, ọ̀gágun ará Róòmù, tí ó wólẹ̀ ní ẹsẹ̀ Pétérù. Pétérù gbé e dìde lójú ẹsẹ̀, ó sì rán an létí pé ènìyàn bíi tirẹ̀ ni òun.

Bí a bá gbé ìtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ìkíni yàtọ̀ sí ìjọsìn. Ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ní àárọ̀ kò sọ bàbá di òrìṣà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ìtàn Pétérù tí àwọn àgbà kì í sábà fà yọ: ẹni tí a wólẹ̀ fún ni ó ní iṣẹ́ láti ṣe. Kò dúró gbádùn rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gbé ọmọnìkejì rẹ̀ dìde.

Àṣà Yorùbá mọ èyí pẹ̀lú. Bí ọmọ bá dọ̀bálẹ̀, àgbà tí ó mọ ìwà hù kì í dákẹ́ kí ó máa wò ó nílẹ̀. Yóò dáhùn, yóò ní kí ó dìde, yóò sì súre fún un. Ìdáhùn yìí jẹ́ apá kejì ìkíni. Àgbà tí ó bá ń fi imú dáhùn, tàbí tí ó bá ń fi ọmọ sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí yóò fi parí ọ̀rọ̀ tí ó ń bá ẹlòmíràn sọ, ó ti ba àṣà náà jẹ́ ju ọmọ tí kò kí ni lọ.

OMI ÌWẸSẸ̀

Ìhìnrere Jòhánù ròyìn ohun tí Jésù ṣe ní alẹ́ tí ó ṣáájú ikú rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ wà nídìí oúnjẹ. Ó dìde, ó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀ sílẹ̀, ó ró aṣọ ìnura mọ́ ìbàdí, ó bu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ilẹ̀ náà, ọ̀nà eléruku ni wọ́n ń fi bàtà awẹ́ rìn, iṣẹ́ ìránṣẹ́ tí ó kéré jù nínú ilé sì ni kí a wẹ ẹsẹ̀ àlejò. Pétérù kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí ọmọ Yorùbá èyíkéyìí ì bá ṣe nìyẹn bí bàbá rẹ̀ tàbí olùkọ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jésù kò gbà fún un. Lẹ́yìn tí ó wẹ̀ ẹ́ tán, ó sọ fún wọn pé Olùkọ́ àti Olúwa ni òun lóòótọ́. Kò sẹ́ ipò rẹ̀. Ó fi ipò náà wẹ ẹsẹ̀, ó sì ní kí àwọn náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wọn. Júdásì tí yóò fi í hàn kò tí ì jáde kúrò nínú ilé nígbà náà.

Títí di òní, ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde, àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà àti ti àwọn ìjọ mìíràn ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ. Ní ọdún 2013, Póòpù Francis, ẹni tí ó papò dà ní ọdún 2025, mú àṣà yìí jáde kúrò nínú ilé ìjọsìn ńlá. Ó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ọ̀dọ́ ní Róòmù, ó kúnlẹ̀, ó sì wẹ ẹsẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n méjìlá. Àwọn ọmọbìnrin wà nínú wọn, àwọn Mùsùlùmí sì wà nínú wọn.

Ǹjẹ́ irú èyí ṣàjèjì sí Yorùbá pátápátá? Rárá o. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, nígbà tí wọ́n bá mú ìyàwó dé ilé ọkọ, kì í ṣàdédé wọlé. Àwọn obìnrin ilé a gbé omi wá sí ẹnu ọ̀nà, wọn a sì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé, kí ó lè fi ẹsẹ̀ rere wọ ilé náà. Ẹ jẹ́ kí a ro ipò tí ìyàwó yìí wà. Òun ni ó kéré jù nínú agbo ilé náà láti ọjọ́ náà lọ. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ṣáájú kí ó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Gbogbo àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n jù ú lọ nínú ilé náà. Síbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ilé náà ṣe fún un ni pé wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìtàn mìíràn wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, kọ parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Johnson ròyìn pé Aláàfin, ẹni tí àwọn ìjòyè ń na sílẹ̀ fún, a máa kúnlẹ̀ kí obìnrin kan tí a ń pè ní Ìyámọdẹ. Obìnrin yìí ni ó ń ṣe ìtọ́jú Bàrà, níbi tí wọ́n sin àwọn ọba tí ó ti wàjà sí. Ọba a máa pè é ní bàbá. Bí ọba bá sì ti kúnlẹ̀ kí i, òun náà a kúnlẹ̀ dá a lóhùn.

Lóòótọ́, ète àwọn àṣà wọ̀nyí àti ète ohun tí Jésù ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà. Ire ilé ni a ń wá nídìí omi ìyàwó, ọ̀wọ̀ àwọn ọba àná sì ni a ń bù fún Ìyámọdẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé àṣà Yorùbá mọ̀ pé ẹni ńlá lè lọ sílẹ̀ kí iyì rẹ̀ má sì dín kù. Ohun tí ìgbàgbọ́ Kristi ń bèèrè ni pé kí a má fi í mọ sí ọjọ́ ìgbéyàwó àti ààfin nìkan, kí ó di ìṣe ojoojúmọ́.

NÍ ILÉ ÀTI NÍ IBI IṢẸ́

Ilé ni ó ti yẹ kí a kọ́kọ́ wò ó. Bí owó bá sọnù nínú yàrá bàbá, tí bàbá sì na ọmọ, tí ó wá di ọjọ́ kejì tí ó rí owó náà lábẹ́ ìrọ̀rí, kí ni yóò ṣe? Ọ̀pọ̀ bàbá ni yóò dákẹ́. Ẹlòmíràn yóò ra bisikíìtì fún ọmọ náà láì sọ ìdí rẹ̀. Díẹ̀ ni yóò pe ọmọ náà, tí yóò ní, "Má bínú, èmi ni mo ṣì ọ́ nà." Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àgbà bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ yóò gun un lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ ti mọ̀ pé òun kò jí owó. Bí bàbá bá dákẹ́, ohun tí ọmọ náà yóò kọ́ ni pé ẹni tí ó bá lágbára kì í jẹ̀bi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín ọkọ àti aya. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ó ń kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ara ìyàwó kò bá yá, ọkọ mélòó ni ó lè pọn omi, kí ó fọ abọ́, kí ó sì fọ ìlédìí ọmọ lójú àwọn ará àdúgbò? Ẹ̀rù a máa ba àwọn mìíràn kí wọ́n má baà sọ pé ìyàwó rẹ̀ ti fún un jẹ. Ẹni tí ó bá lè fara da yẹ̀yẹ́ yìí nítorí ìfẹ́ aya rẹ̀ ti ń wẹ ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Olúwa rẹ̀ ti ní kí ó ṣe.

Ní ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí ń bẹ lẹ́nu ẹni ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Yorùbá ní "o", ó sì ní "ẹ". Ní àwọn ẹ̀ka-èdè kan ní ìhà ìlà-oòrùn, ọmọ lè fi "ìwọ" bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láì jẹ́ àfojúdi, èyí tí ó fi hàn pé ọ̀wọ̀ kò so mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti ń lo "ẹ", kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá, lè máa pe awakọ̀ tí ó tó bàbá rẹ̀ bí ní "ìwọ", nítorí pé òun ni ó ń fọwọ́ sí ìwé owó oṣù rẹ̀. Bí ó bá kí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà kí ọlọ́dẹ tó kí i, tí ó sì pe awakọ̀ náà ní "ẹ", kò sí ohun tí yóò dín kù nínú ipò rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ ní ìdánwò tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè ohun tí olùkọ́ kò mọ̀, tàbí kí ó tọ́ka sí àṣìṣe tí olùkọ́ kọ sójú pátákó. Ó rọrùn láti pariwo mọ́ ọn pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó le díẹ̀ láti pa àṣìṣe náà rẹ́, kí a kọ èyí tí ó tọ́, kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Àwọn àgbà tí wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè, ti mọ̀ pé ohun kan wà tí ọmọdé nìkan lè bá àgbà mú jáde.

NÍ ILÉ ÌJỌSÌN

Ó ṣeni láàánú pé ibi tí a ti ń wàásù ìrẹ̀lẹ̀ jù ni a ti ń dán an wò jù. Jésù pa òwe kan fún àwọn tí wọ́n ń sáré wá ìjókòó iwájú níbi àsè. Ó gbà wọ́n níyànjú pé ìjókòó ẹ̀yìn ni kí wọ́n lọ, kí ẹni tí ó pè wọ́n fúnra rẹ̀ sọ wọ́n di ará iwájú, ju kí a wá lé wọn dìde lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ òde Yorùbá mọ̀ pé òwe yìí kò tí ì gbó. Ìjà ti ṣẹlẹ̀ rí nítorí àga. Ẹlòmíràn kò ní dáhùn bí wọ́n bá fo ọ̀kan nínú oyè rẹ̀, ìbáà ṣe Olóyè, Dókítà tàbí Alàgbà.

Oyè Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ ti di ohun àmúyangàn ní ọ̀pọ̀ ìjọ. Oyè náà kò burú ní ti ara rẹ̀, nítorí pé bàbá ni ẹni tí ń gbọ́ bùkátà, ìyá sì ni ẹni tí kì í sùn bí ọmọ bá ń ṣàìsàn. Bí ẹni tí ó jẹ Ìyá Ìjọ bá mọ opó tí kò rí owó ilé san nínú ìjọ náà, ó ti jẹ oyè náà dé ìdí. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìwúyè nìkan ni ó mọ ọ̀nà ilé àwọn tálákà, láti pín káàdì ìpè fún wọn, aṣọ ni ó wọ̀, kò jẹ oyè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọjọ́ ìkórè, níbi tí a ti ń pe orúkọ olówó pẹ̀lú iye tí ó dá, tí ìlù sì ń dún sí i. Opó tí ó fi owó kékeré méjì sínú àpótí nínú Ìhìnrere kò ní ìlù kankan lẹ́yìn, òun sì ni Jésù yìn.

Àwọn ìjọ aláṣọ funfun gbìyànjú láti fi ojú ṣe àpẹẹrẹ ìrẹ̀lẹ̀. Nínú Ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925 lọ́wọ́ Moses Orímóládé Túnọláṣe àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, àti nínú Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ jọ́sìn. Wọn a sì máa bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ ilé Ọlọ́run. Lójú aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ òfìfo, kò rọrùn láti mọ oníṣòwò ńlá yàtọ̀ sí alágbàṣe. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ipò ń pọ̀ sí i, ọ̀já àti àwọ̀ aṣọ sì di ohun tí a fi ń mọ ẹni tí ó ga ju ẹnì kejì lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé wọ́n burú ju àwọn ìjọ yòókù lọ. Ohun tí ó ń kọ́ gbogbo ìjọ ni pé ìgbéraga lè bá ènìyàn wọ inú aṣọ ìrẹ̀lẹ̀.

ONÍRẸ̀LẸ̀ KÌ Í ṢE ÒJO

Àwọn kan rò pé onírẹ̀lẹ̀ ni ẹni tí a bá gbá létí tí kò lè sọ̀rọ̀. Ìgbésí ayé Samuel Àjàyí Crowther tako èrò yìí. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó di àlùfáà ní ọdún 1843. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, òun fúnra rẹ̀ lọ́ra. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ó rán an níṣẹ́, ni ó rọ̀ ọ́ kí ó tó gbà, wọ́n sì fi í jẹ ní Canterbury ní ọdún 1864. Bí ìrẹ̀lẹ̀ bá jẹ́ kí a máa sá fún iṣẹ́, ì bá ti kọ̀ ọ́. Ó gbà á nítorí pé iṣẹ́ náà ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1890, nígbà tí Crowther ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere òyìnbó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ní Ọ̀nìṣà, wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ń dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbèjà àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Ẹ̀gàn tí wọ́n fi kàn án kò mú un bú ẹnikẹ́ni, kò sì mú un fi ọmọ abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí òun lè ní àlàáfíà. Onírẹ̀lẹ̀ lè gbójú fo ọlá ti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbójú fo ẹ̀tọ́ ẹni tí kò ní olùgbèjà.

Irú mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Ẹnì kan a ní òun kò tó nǹkan, a sì máa retí kí ẹni tí ó gbọ́ ọ dáhùn pé, "Rárá o, ẹ tó bẹ́ẹ̀, ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Bí ẹni náà bá gbà pé lóòótọ́ ni kò tó nǹkan, ìjà dé. Onírẹ̀lẹ̀ tòótọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, yálà rere tàbí búburú. Bí wọ́n bá yìn ín, a dúpẹ́, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe sí àríyànjiyàn tí ó wà nílé? Kò yẹ kí ọmọ onígbàgbọ́ sọ ìdọ̀bálẹ̀ nù, nítorí pé àwọn bàbá ìgbàgbọ́ inú Bíbélì ṣe é. Kò sì yẹ kí àgbà máa fi agbára gbà á bí owó orí. Àṣà tí apá kan ń san gbèsè rẹ̀ lójoojúmọ́, tí apá kejì kò sì san ohunkóhun, kì í pẹ́ tí yóò fi sú àwọn tí ń san. Àgbà tí ó bá ń gbé ọmọ dìde, tí ó ń súre, tí ó ń gbà pé òun jẹ̀bi nígbà tí ó bá jẹ̀bi, kò ní nílò láti máa ṣọ́ ẹni tí kò kí i. Ọmọ tí ó bá ti gbọ́ "má bínú" lẹ́nu bàbá rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkàn rẹ̀ yóò sì bá ara rẹ̀ dé ilẹ̀.